Omi Inú Ògiri Adájọ́

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, Páìpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ní orúkọ gidi. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ilé-ìwé nígbà tí ó wọ kíláàsì mi ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ pàápàá kì í pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun mẹ́ta ni mo ṣàkíyèsí nípa rẹ̀ láyé ìgbà náà: kò fẹ́ràn ìṣirò, kò lè jókòó jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìgbà tí ènìyàn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní ìparí kíláàsì tí òun kò gbọ́. Mo na àwọn ọmọ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Òun ni mo máa ń fẹ́ bi léèrè ohun tí wọ́n sọ.

Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ púlọ́mbà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi etí wá omi. Àwọn púlọ́mbà yòókù, bí wọ́n bá ní páìpù ń jò nínú ògiri, wọn a fọ́ ògiri láti òkè délẹ̀, wọn a sì fi onílé sílẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí. Páìpù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó gùn tó apá. Á gbé ìdí kan lé ògiri, á gbé ìdí kejì lé etí, á di ojú, á sì máa sún díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá rí ibi tí ó ń wá, á fi ṣọ́ọ̀kì ṣe àmì sí i, ihò kan ṣoṣo ni yóò sì lu. Mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nílé ara mi, mo sì lè jẹ́rìí pé ihò náà kò ju àwo ìjẹun ọmọdé lọ.

Ó di ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí ó tó pàdé Dókítà. Oníṣègùn eyín ni ọmọbìnrin náà, síǹkì ilé ìwòsàn rẹ̀ ni kò sì gba omi lọ mọ́. Páìpù dé, ó gbé irin lé ògiri.

"Ẹ dákun, mà," ni ó wí, "ẹ bá mi sé èémí díẹ̀."

"Kí n sé èémí? Ṣé èmi ni mo dí síǹkì náà ni?"

"Rárá, mà. Ẹ kàn ń mí sókè ni."

Láàárín ìdajì wákàtí síǹkì ti ń gba omi. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bu bisikíìtì jẹ, Dókítà sì rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni ó fi ń jẹun. Ó ní kí ó wá jókòó sórí àga.

"Ẹ la ẹnu."

"Mà, ẹnu mi kò jò."

Wákàtí kan ni ó lò lórí àga yẹn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí ẹni tí ó fara balẹ̀ wo inú ihò bẹ́ẹ̀ rí yàtọ̀ sí òun. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí ó tó lè bá a sọ̀rọ̀ láìfi "mà" parí rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tí Dókítà ti wá. Adájọ́ fẹ̀yìntì ni bàbá rẹ̀, ilé wọn sì wà lórí òkè níbi tí gbogbo ọgbà ti ní òdòdó. Páìpù àti ìyá rẹ̀, tí ń bá àwọn ènìyàn lọ aṣọ, ń gbé yàrá méjì lẹ́yìn ilé àwọn tó ń lẹ táyà. Nígbà tí Dókítà sọ̀rọ̀ náà fún bàbá rẹ̀, bàbá gbé ìwé ìròyìn sọ̀ kalẹ̀.

"Púlọ́mbà? Irú púlọ́mbà wo? Ṣé ó ní ilé-iṣẹ́ ńlá ni?"

"Ó ní àpò kan, Dádì. Ó tún ní àkàbà."

Àǹtí, ẹ̀gbọ́n Adájọ́, tí ó ń gbé pẹ̀lú wọn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, gbé ọwọ́ lérí. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń fẹ́ lọ́yà, wọ́n ń fẹ́ ẹnjiníà, ìwọ lọ rí tìẹ lábẹ́ síǹkì!"

Dókítà kì í ṣe ọmọdé, ó lè lọ ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ níbikíbi. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun méjì fún Páìpù: pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn, àti pé òun kò ní ṣe ìgbéyàwó tí bàbá òun kò ní dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Gbogbo ọ̀rọ̀ wá wà lọ́wọ́ Adájọ́. Adájọ́ sì ní òun yóò gbọ́ tẹnu ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Nítorí pé bàbá Páìpù ti kú, èmi ni ó bẹ̀ pé kí n bá òun lọ. Lójú ọ̀nà ni ó ti ka òfin tí Dókítà fún un, mo sì gbádùn rẹ̀ nítorí ó wà létòlétò: èkínní, má sọ̀rọ̀ páìpù, èkejì, má wo abẹ́ síǹkì, ẹ̀kẹta, bí Dádì bá sọ̀rọ̀, gbà fún wọn, ẹ̀kẹrin, má gbé etí lé ohunkóhun. Mo ní kí ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kà á láìṣì.

Pálọ̀ náà mọ́ tónítóní. Ògiri funfun, àga aláwọ̀, aago tí ó dúró bí ọlọ́pàá ní igun. Lẹ́yìn àga Adájọ́ ni wọ́n gbé àwòrán ńlá rẹ̀ kan kọ́, tòun ti wíìgì, tòun t'aṣọ ilé ẹjọ́. Ìyàwó Adájọ́ bu tíì fún wa. Páìpù jókòó sí etí àga nínú kóòtù tí ó yá lọ́wọ́ mi, orókùn rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Adájọ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé rẹ̀. Òun ni ó ya plánù, òun ni ó dúró lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. "Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé," ni ó wí. "Gbogbo ìdájọ́ mi ni wọ́n ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé lórí rí. Ilé yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni kò tíì pe ẹjọ́ lé lórí."

Páìpù gbà fún un. Títí dé ibẹ̀, ohun gbogbo ń lọ dáadáa.

"Ẹ̀yin mélòó ni ìyá rẹ bí?" Àǹtí ni ó bèèrè.

"Èmi nìkan ni, mà."

"Níbo ni ẹ ń gbé?"

"Lẹ́yìn ilé àwọn tó ń lẹ táyà, mà."

Àǹtí wo Ìyàwó Adájọ́. Ìyàwó Adájọ́ wo inú ife tíì. Àkókò yìí ni mo rí i pé orí Páìpù ti ń rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí orí adìẹ tí ó rí kòkòrò.

"Ọmọ mi lo ọdún méje ní yunifásítì," ni Adájọ́ wí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Bí ọdún méjì, sà. Ó tiẹ̀ lè tó mẹ́ta."

Ojú Adájọ́ là. "O lo ọdún mẹ́ta ní yunifásítì?"

"Rárá, sà. Omi yìí ni mò ń sọ."

Dókítà, tí ó jókòó tì í, tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó.

"Omi wo?"

"Èyí tó ń jò nínú ògiri ẹ̀yìn yín, sà. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́." Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó ti dìde, ó ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Adájọ́, ó sì ti gbé etí lé ògiri lábẹ́ àwòrán náà.

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ẹ wá wò ó! A pè é wá sọ̀rọ̀ ìyàwó, ó ti ń wáṣẹ́!"

Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó tún dígí ojú rẹ̀ ṣe, pálọ̀ sì di ilé ẹjọ́ lójú wa.

"Ǹjẹ́ o rí omi náà?"

"Rárá, sà."

"Ǹjẹ́ ògiri tutù?"

Páìpù fọwọ́ kàn án. "Kò tíì tutù, sà."

"Ọ̀dà rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti wú?"

"Kò tíì wú, sà."

"Nítorí náà, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni o ní, etí rẹ sì ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òun nìkan ni."

Ìyàwó Adájọ́, tí ó jẹ́ onísùúrù ènìyàn, gbé ife sílẹ̀. "Ọmọ mi, bóyá aago yẹn lo gbọ́. Sọ pé aago ni, ká máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀," ni Adájọ́ wí. "Sọ pé kò sí omi nínú ògiri mi, n ó sì gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ pẹ̀lú ọkàn rere."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ ọmọ ènìyàn ní òtítọ́, mo ń gbàdúrà nínú ara mi pé kí ó purọ́. Dókítà ti di ọwọ́ àga mú. Páìpù wo ọmọbìnrin náà, ó wo ògiri, ó tún wo ọmọbìnrin náà. Òógùn bọ́ sí kóòtù mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ó wí, "omi wà níbẹ̀."

Adájọ́ dìde. "Ìjókòó parí."

Dókítà lé wa bá lójú pópó. Bàtà ilé ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ohun mẹ́rin ni mo ní kí o ṣọ́ra fún! Mẹ́rin péré! Gbogbo rẹ̀ pátá lo ṣe!"

"Mi ò wo abẹ́ síǹkì."

"Nítorí kò sí síǹkì ní pálọ̀ ni!" Ó fẹ́ sunkún, ó tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sì mọ èwo ni yóò kọ́kọ́ ṣe. "Ṣé o ò lè purọ́ kékeré kan nítorí mi?"

"Bí ó bá jẹ́ nípa ara mi ni, mà á purọ́. Mà á ní mo ga jù báyìí lọ. Mà á ní mo ka ìwé. Mi ò lè purọ́ nípa páìpù. Bí eyín ẹnì kan bá jẹrà, tí bàbá ẹ ní kí o sọ pé ó dára, ṣé wàá sọ ọ́?"

 Ó wo ilẹ̀, ó sì kùn pé, "Má fi iṣẹ́ mi ṣe àpẹẹrẹ fún mi." Lẹ́yìn náà ó padà sílé láìdágbére, a kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà lọ́sẹ̀ yẹn, Ìyàwó Adájọ́ ni ó sọ ọ́ fún mi. Ní Mọ́ńdè, Adájọ́ pe púlọ́mbà kan wá, ó sì sọ fún un pé, "Kò sí omi nínú ògiri yìí. Yẹ̀ ẹ́ wò." Púlọ́mbà náà wo àwòrán, ó wo Adájọ́, ó ní, "Kò sí rárá, sà." Ní Túsìdeè ó pe òmíràn. Ìyẹn kò tíì sọ àpò kalẹ̀ tí ó ti ní kò sí. Ẹni ọjọ́ Wẹ́sìdeè tiẹ̀ gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ó ní irú ògiri báyìí, omi kì í sún mọ́ ọn.

Ó yẹ kí inú Adájọ́ dùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ojú ẹlẹ́rìí, ó sì mọ irú èyí tí ń dáhùn kí a tó bi í. Kò lè jẹun ọ̀sán.

Ní òwúrọ̀ Tọ́sìdeè ni ìyàwó rẹ̀ wọ pálọ̀, tí ó bá a láìwọ bàtà, àwòrán rẹ̀ wà lábíyá, etí rẹ̀ wà lára ògiri.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Ìṣó ni mò ń wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó dúró dáadáa."

 Ìyàwó náà gbé etí tirẹ̀ lé e. Àǹtí dé, ó bá àwọn méjèèjì, ó ní kí ni wọ́n ń gbọ́ tí wọn kò pe òun sí, ó sì gbé etí lé ògiri.

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Etí òsì yẹn ni ẹ kì í fi gbọ́ràn láti kékeré," ni Adájọ́ wí. "Ẹ yí i padà."

Àǹtí yí i padà. Àwọn àgbàlagbà mẹ́ta sì dúró ní ìlà kan lára ògiri, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì sọ fún èkejì ohun tí ó gbọ́.

Ìwé dé ilé Páìpù ní Fráídè. Ó gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn fara hàn ní pálọ̀ Adájọ́ ní Sátidé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kí ó sì mú irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Sà, ṣé wọ́n fẹ́ tì mí mọ́lé ni?"

"Wọn kì í ní kí ẹni tí wọ́n fẹ́ tì mọ́lé mú òòlù wá," ni mo dá a lóhùn.

Lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wọ̀. Ó sì yà mí lẹ́nu bí ó ti yàtọ̀ tó: kò tẹ orókùn mọ́ra, kò làágùn. Ó ní kí wọ́n pa ohun mẹ́rin fún òun: fíríìjì, fáànù, aago, àti ariwo Àǹtí. Ti ìkẹrin ni ó pẹ́ jù. Ó gbé irin lé ògiri, ó di ojú. Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sé èémí láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un.

Adájọ́ ti tẹ́ plánù sórí tábìlì. "Páìpù kankan kò gba ibẹ̀ kọjá," ni ó wí bí Páìpù ti fi ṣọ́ọ̀kì ṣe àmì. "Wò ó níhìn-ín."

"Plánù lẹ̀ ń kà, sà. Ògiri ni mò ń kà."

Ó lu ihò náà. Ó gbẹ táútáú. Eruku nìkan ni ó jáde.

"Ẹ rí i!" ni Àǹtí ké. "Mo sọ ọ́! Mo sọ ọ́!"

Páìpù fọwọ́ kan inú ihò náà. "Mo ṣì í," ni ó wí. "Ìró yẹn ti rìn wá láti ibòmíràn." Ó tún gbé irin, ó sún un sí apá ọ̀tún ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, bí ẹni pé kò sí ìtìjú kankan nínú ayé. Adájọ́ sì ń wò ó. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi jókòó lórí àga ìdájọ́, ó sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò gbọ́ kí ènìyàn sọ pé "mo ṣì í" rí kí "ṣùgbọ́n" má tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ó lu òòlù lẹ́ẹ̀kẹta, ihò kejì là, omi sì tú jáde bí ìgbà tí ẹnìkan tu tíì sínú afẹ́fẹ́. Ó bá dígí ojú Adájọ́, ó bá plánù, ó bá Àǹtí.

"Wá!" ni Páìpù pariwo. "Fi àtàǹpàkò dí ibẹ̀! Dì í mú dáadáa, má jẹ̀ẹ́ kó yọ!"

Adájọ́ fò dé ibẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò dí i. Páìpù sá jáde lọ wá ibi tí wọ́n ti ń ti omi gbogbo ilé.

Ẹnu Àǹtí ló kọ́kọ́ là. "Ó pè ọ́ ní 'ìwọ'! Púlọ́mbà pe Adájọ́ ní 'ìwọ'!"

"Omi ló ń dà, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí àyè fún 'ẹ̀yin'." Adájọ́ tẹjú mọ́ páìpù tí ó wà níwájú rẹ̀. Ó tẹ̀ bí ìgunpá, ó tún tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ibi títẹ̀ kejì yìí ni ó sì ti là.  "Ojú fèrèsé ni mo yí padà nígbà tí à ń kọ́lé," ni Adájọ́ wí. "Ẹni tó ṣe páìpù ilé yìí bẹ̀ mí pé kí n má yí i, pé páìpù á tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó bá ti tẹ̀ ló máa jò. Mo bi í pé ta ló ya plánù." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ṣì í."

Gbogbo wa dúró de "ṣùgbọ́n". Ìyàwó rẹ̀ tiẹ̀ gbé ojú sókè bí ẹni tí ń retí kí òjò rọ̀. Kò dé.

"Àbúrò," ni Àǹtí wí, ó ń fi gèlè nu ojú, "má sọ fún mi pé o fẹ́ fi púlọ́mbà ṣe àna."

"Ọkùnrin mẹ́ta wọ ilé yìí lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n purọ́ fún mi nítorí iṣẹ́ ọjọ́ kan. Èyí kò purọ́ fún mi nítorí ọmọ mi. Èwo nínú wọn lẹ fẹ́ kí n fà á lé lọ́wọ́?" Ó yí ọrùn sí Dókítà, àtàǹpàkò rẹ̀ kò kúrò. "Mo ti yí ìdájọ́ mi padà. Lọ sọ fún un."

Dókítà sáré jáde, èmi sì tẹ̀ lé e, nítorí mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Páìpù nà gbalaja lórí ilẹ̀ láàárín òdòdó Ìyàwó Adájọ́, apá rẹ̀ wọ inú ihò tí wọ́n ti ń ti omi dé èjìká.

"Wọ́n ti gbà!" ni ọmọbìnrin náà wí.

"Wọ́n gba kí ni?"

"Wọ́n gbà ẹ́!"

"Dúró ná, ó ti dógùn-ún, kò fẹ́ yí..." Ó yí i. Omi dákẹ́. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà tó dé etí rẹ̀. Kò yọ apá rẹ̀. Ó kàn gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀ ọ̀rinrin yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín. Dókítà jókòó tì í pẹ̀lú aṣọ funfun tí ó wọ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e lórí.

Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo padà sí pálọ̀. Ìyàwó Adájọ́ ti mú kàlẹ́ńdà, ó ń bi ọkọ rẹ̀ léèrè oṣù tí yóò dára fún ìgbéyàwó. Àǹtí ní oṣù wo ni wọ́n fẹ́ mú tí aṣọ òun yóò ti gbẹ. Adájọ́ ń dá wọn lóhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ojú rẹ̀ kọ sí ògiri. Omi ti dá láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó yọ àtàǹpàkò, kò sì yọ ọ́.